Ṣọ́ọ̀ṣì Tí Ẹja Kọ́ ní Eriskay

Ẹni tó bá gba ojú omi tóóró tó wà láàárín South Uist àti Eriskay kọjá, kò ní pẹ́ rí ilé funfun kan tó jókòó sórí òkè kékeré lókè abúlé, tó kọjú sí òkun. Ṣọ́ọ̀ṣì Máíkẹ́lì Mímọ́ ti ìjọ Àgùdà nìyẹn. Kò tóbi, kò sì ní ilé ìṣọ́ tó ń wá sánmà kàn. Bí wọ́n bá gbé e wá sáàárín ìlú ńlá, ọ̀pọ̀ èèyàn á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ní Eriskay, kò sí ilé tó gbajúmọ̀ tó o. Ibi tí apẹja ti lè máa wò ó láti orí omi ni wọ́n dìídì kọ́ ọ sí, torí owó apẹja ló kọ́ ọ.

Eriskay jẹ́ ọ̀kan lára àwọn erékùṣù Outer Hebrides, ní ìwọ̀ oòrùn Skọ́tíláǹdì, níbi tí òkun Àtìláńtíìkì ti ń fi gbogbo agbára rẹ̀ lu àpáta. Èèyàn lè fẹsẹ̀ rin ín já láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì láàárọ̀ ọjọ́ kan, kó sì padà wá jẹun ọ̀sán. Òkè tó ga jù níbẹ̀, Beinn Sgritheann, kò ju mítà 185 lọ. Nígbà tí ìjọba ka èèyàn lọ́dún 2011, 143 péré ni wọ́n bá níbẹ̀. Igi ò fi bẹ́ẹ̀ sí, afẹ́fẹ́ ò jẹ́ kó dàgbà. Ohun tí wọ́n fi ń dáná láyé àtijọ́ ni ẹrẹ̀ dúdú kan tí wọ́n ń gé bíi búlọ́ọ̀kù láti inú irà, tí wọ́n ń sá títí á fi gbẹ.

Ohun tó máa ń ṣe àlejò ní kàyéfì ni bí ìjọ Àgùdà ṣe ṣẹ́kù sí irú ibẹ̀ yẹn. Lọ́dún 1560 ni ilé aṣòfin Skọ́tíláǹdì ti sọ pé àwọn ò bá Póòpù ṣe mọ́, tí wọ́n sì fòfin de Mísà. Bí èèyàn bá lọ sí ìhà àríwá àwọn erékùṣù yìí kan náà, sí Lewis àti Harris, àwọn Presbyterian paraku ló máa bá, àwọn tó jẹ́ pé títí di àìpẹ́ yìí, ẹni tó bá sá aṣọ síta lọ́jọ́ Sunday á gbọ́ ọ̀rọ̀ sétí lẹ́nu aládùúgbò. Ní ìhà gúúsù, ní South Uist, Eriskay àti Barra, ère Màríà Mímọ́ ni yóò bá létí títì. Èdè Gaelic kan náà ni wọ́n ń sọ, omi kan náà ni wọ́n ń pẹja nínú rẹ̀, òjò kan náà ló ń pa wọ́n.

Àwọn baálẹ̀ àtijọ́ gúúsù, ìdílé MacDonald ti Clanranald àti MacNeil ti Barra, ni kò jẹ́ kí òfin yẹn fẹsẹ̀ múlẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Láti àwọn ọdún 1620 ni àwọn fàdá ẹgbẹ́ Franciscan ti ń ti Áílàǹdì wọlé sí wọn ní yọ́ọ́yọ́ọ́. Èdè àwọn fàdá náà àti ti àwọn ará erékùṣù sún mọ́ra débi pé wọ́n lè wàásù kí wọ́n sì gbọ́ ìjẹ́wọ́ láìwá ògbufọ̀. Ṣùgbọ́n fàdá ò pọ̀, ọkàn wọn ò sì balẹ̀. Láàárín ìgbà tí ọ̀kan bá lọ tí òmíràn ò tíì dé, inú ilé ni ẹ̀sìn ń gbé. Obìnrin tó ń bo iná mọ́ eérú lálẹ́ ní àdúrà tó ń gbà sí i. Ẹni tó ń fún wàrà ní tirẹ̀, ẹni tó ń ti ọkọ̀ sómi ní tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò kọ ọ́ sínú ìwé, ìyá ló ń fi lé ọmọ lọ́wọ́.

Orúkọ Eriskay kúkú ti wọ ìwé ìtàn tipẹ́ kí ṣọ́ọ̀ṣì yìí tó wà. Ní July 23, 1745, etíkun rẹ̀ ni Charles Edward Stuart, ọmọ Àgùdà tó ń wá adé bàbá rẹ̀ àgbà kiri, ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì. Kò pẹ́ níbẹ̀, ogun rẹ̀ sì fọ́ ní Culloden lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Òdòdó kan wà tó ń hù nínú yanrìn etíkun náà. Àwọn ará Eriskay ní inú áńkáṣíìfù ọmọ ọba ni hóró rẹ̀ ti já bọ́. Èmi ò ní bá wọn jiyàn.

Ìyà ìgbàgbọ́ jẹ wọ́n lóòótọ́. Ní nǹkan bí ọdún 1770, MacDonald ti Boisdale ní South Uist fẹ́ fi ipá mú àwọn tó ń dáko lórí ilẹ̀ rẹ̀ kúrò nínú ìjọ Àgùdà, àwọn kan sì di ẹrù wọn lọ́dún 1772, wọ́n wọkọ̀ lọ sí erékùṣù tí à ń pè ní Prince Edward Island ní Kánádà lónìí. Síbẹ̀, lójú tèmi, ohun tó sọ Eriskay di ohun tó jẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, ọ̀rọ̀ owó ni. Lọ́dún 1838, Colonel John Gordon ti Cluny, olówó kan láti Aberdeenshire, bẹ̀rẹ̀ sí í ra àwọn erékùṣù gúúsù yìí. Àgùntàn ló fẹ́ fi sórí ilẹ̀, torí àgùntàn ń mówó wọlé ju tálákà tí ń san owó ilẹ̀ lọ. Nígbà tí àrùn ba pòtétò jẹ́ lẹ́yìn ọdún 1846 tí ebi sì wọlé, àwọn èèyàn wá di ẹrù tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí ara rẹ̀. Lọ́dún 1851 nìkan, ó kó àwọn tó lé ní 1,500 sínú ọkọ̀ lọ sí Kánádà. Àwọn kan nínú wọn sá wọ orí òkè, wọ́n lé wọn mú, wọ́n sì gbé wọn jù sínú ọkọ̀.

Eriskay ló kù fún àwọn tí wọ́n lé lórí ilẹ̀ wọn tí wọn ò bá ọkọ̀ lọ. Ilẹ̀ ibẹ̀ burú débi pé onílẹ̀ ò rí i bí ohun tí àgùntàn lè jèrè lórí rẹ̀. Àwọn olùgbé ibẹ̀ sì fò láti bí 80 sí ohun tó lé ní 400. Wọ́n ń fi apẹ̀rẹ̀ ru ewéko òkun sẹ́yìn láti etí omi, wọ́n ń dà á sórí àpáta, wọ́n ń wa ìwọ̀nba erùpẹ̀ tí wọ́n bá rí bò ó, wọ́n á sì fi kọ ebè gígùn gígùn fún pòtétò àti ọkà bálì. Ipa ebè wọ̀nyẹn ṣì wà lára òkè títí dòní fún ẹni tó bá mọ ohun tó ń wò. Ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń lò nígbà náà, koríko ni wọ́n fi bo orí rẹ̀, bíi ti ilé wọn.

Ibẹ̀ ni Fàdá Allan MacDonald bá wọn. Maighstir Ailein ni wọ́n ń pè é ní èdè wọn, ẹnikẹ́ni tó bá sì dárúkọ bẹ́ẹ̀ ní Uist títí dòní, wọn kì í béèrè Ailein wo. Fort William, lórí ilẹ̀ gangan Skọ́tíláǹdì, ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1859. Ó kàwé ní Blairs nítòsí Aberdeen, ó lọ parí rẹ̀ ní Valladolid lórílẹ̀-èdè Sípéènì, ó gba oyè àlùfáà lọ́dún 1882, ó sì dé Daliburgh ní South Uist lọ́dún 1884. Ìjọ tí wọ́n fún un gbòòrò ju agbára èèyàn kan lọ: irà, adágún omi, àwọn ilé tó jìnnà síra, àti Eriskay fúnra rẹ̀ tó jẹ́ pé ọkọ̀ kékeré ló gbọ́dọ̀ wọ̀ kó tó débẹ̀. Bí wọ́n bá ránṣẹ́ pé ẹnì kan ń kú lọ, òjò ni o, ìjì ni o, fàdá gbọ́dọ̀ dìde. Ọ̀ràn ilé ẹ̀kọ́ tún wà lọ́rùn rẹ̀. Ọmọ ìjọ Àgùdà ló kún inú àwọn kíláàsì, àmọ́ wọn kì í gba olùkọ́ Àgùdà síṣẹ́. Ó dúró ti àwọn òbí títí wọ́n fi fìbò yan àwọn tiwọn sínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ilé ẹ̀kọ́.

Kò tíì pé ẹni ọdún 35 tí ara rẹ̀ fi ṣàárẹ̀ gan-an. Bíṣọ́ọ̀bù wá gbé Eriskay fún un bí ibi tí yóò ti máa sinmi. Irú ìsinmi wo nìyẹn? Ibẹ̀ ló ti ṣe iṣẹ́ tí wọ́n fi ń rántí rẹ̀.

Iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú etí. Láti ìgbà tó ti wà ní Daliburgh ló ti ń mú ìwé àkọsílẹ̀ dání lọ sọ́dọ̀ aláìsàn àti arúgbó. Tí ó bá ti fún wọn ní ìsìn ìkẹyìn tàbí gbọ́ ìjẹ́wọ́ wọn tán, á tún jókòó. Á gbọ́ ìtàn, òwe, àlọ́, orúkọ ẹyẹ àti ewéko, orúkọ tí wọ́n ń pe oríṣiríṣi afẹ́fẹ́, àdúrà ìboná tí mo sọ níṣàájú, ọfọ̀ tí wọ́n ń pè sí ojú tó ń dunni àti eyín tó ń roni, ọ̀rọ̀ àwọn òkú tó ń rìn àti àwọn tó máa ń fojú inú rí ìsìnkú kó tó ṣẹlẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló ń kọ sílẹ̀ ní Gaelic bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ẹ wo ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ ká ní fàdá mìíràn ni, tó máa ní iṣẹ́ èṣù ni ọfọ̀, kí wọ́n lọ dá a nù. Maighstir Ailein mọ̀ pé lẹ́nu àwọn arúgbó yìí ni ìgbàgbọ́ ti sá pamọ́ sí nígbà tí fàdá ò sí. Lọ́dún 1893 ló tẹ ìwé orin ìsìn jáde ní Gaelic, kí àwọn èèyàn lè kọ orin tó yé wọn ní Mísà tí a ń fi èdè Látìnì ṣe.

Òkìkí rẹ̀ kàn, àwọn olùwádìí sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ran Alexander Carmichael lọ́wọ́ lórí Carmina Gadelica, ìwé ńlá àdúrà àti ọfọ̀ tó jáde lọ́dún 1900. Ó tún gba Ada Goodrich Freer lálejò, obìnrin tí ẹgbẹ́ àwọn tó ń wádìí ohun abàmì rán wá láti London nípa àwọn tó ń fojú inú ríran. Obìnrin yìí kó ohun tó wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ fàdá, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ jáde lórúkọ ara rẹ̀. Èyí kò hàn sójú ayé dáadáa títí di ọdún 1968, nígbà tí John Lorne Campbell, ọ̀mọ̀wé tó ń gbé erékùṣù Canna, àti Trevor Hall kọ ìwé lórí rẹ̀. Campbell yìí náà ló ti ṣètò àkójọ ọ̀rọ̀ tí fàdá ṣe, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Dublin lọ́dún 1958, ó lé ní àádọ́ta ọdún lẹ́yìn tí ẹni tó kọ ọ́ ti kú.

Nínú ohun tí àwọn àlejò wọ̀nyẹn wá gbọ́, orin àwọn obìnrin ló wọ̀ mí lára jù. Tí wọ́n bá hun aṣọ onírun àgùntàn tán, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú ìtọ̀ tó ti pẹ́, kí ọ̀rá inú rẹ̀ lè ṣí. Àwọn obìnrin á wá jókòó yí pákó gígùn kan ká, ọ̀wọ́ kan níhìn-ín, ọ̀wọ́ kan lọ́hùn-ún. Wọ́n á mú aṣọ tútù náà, wọ́n á gbá a mọ́ pákó, wọ́n á tì í sọ́wọ́ ẹni tó kàn, á máa yí ká bẹ́ẹ̀ títí á fi ki. Orin ló ń jẹ́ kí ọwọ́ bára mu. Ọ̀kan á máa lé, àwọn yòókù á máa gbè é, bí àwọn obìnrin wa ṣe ń ṣe níbi ìnáwó. Ìtàn olólùfẹ́ tó rì sómi ni, tàbí ti ọmọ baálẹ̀ tó dalẹ̀, tàbí yẹ̀yẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí gbogbo wọn mọ̀. Lọ́dún 1905, Marjory Kennedy-Fraser wá láti Edinburgh, ó gba irú orin bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ó fi dùùrù sí i, ó sì mú un lọ sí gbọ̀ngàn àwọn ọ̀tọ̀kùlú. Orin náà dùn bẹ́ẹ̀, mi ò sẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti fọ òórùn ìtọ̀ kúrò lára rẹ̀.

Ká padà sórí òkè. Nígbà tí ọdún 1900 fi máa wọlé, ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi koríko bo orí rẹ̀ yẹn ti há jù, ó sì ti gbó. Olówó kankan ò sí ní Eriskay. Ohun tó wà níbẹ̀ ni ṣàwá. Àsìkò tí ẹja ṣàwá ń ta wàràwàrà nìyẹn. Wọ́n ń pa á lójú omi, wọ́n ń fi iyọ̀ sí i nínú àgbá, wọ́n ń kó o lọ sí Jámánì àti Rọ́ṣíà. Àwọn ọkùnrin wà nínú ọkọ̀. Àwọn ọmọbìnrin ilẹ̀ Hebrides ń tẹ̀ lé ẹja láti èbúté dé èbúté, títí dé Yarmouth nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń la ikùn rẹ̀. Àkísà ni wọ́n ń wé mọ́ ìka wọn kọ̀ọ̀kan kí ọ̀bẹ má bàa gé wọn, torí tí iyọ̀ bá wọ ojú ọgbẹ́, iṣẹ́ ọjọ́ náà bàjẹ́ nìyẹn.

Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé àwọn apẹja Eriskay fẹnu kò pé gbogbo ohun tí àwọ̀n bá kó lálẹ́ ọjọ́ kan, ti ilé Ọlọ́run ni, kò ní sí ẹni tó máa mú lára rẹ̀ wálé. Alẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n ní ẹja tí wọ́n pa ju èyí tí wọ́n ti ń pa lọ. Mo mọ̀ pé irú ìtàn báyìí máa ń dùn sí i bí ọdún ti ń gorí ọdún. Àmọ́ owó ẹja náà kì í ṣe àlọ́, iṣẹ́ ọwọ́ wọn náà kì í sì í ṣe àlọ́. Àwọn fúnra wọn ló fọ́ òkúta, àwọn fúnra wọn ló ru yanrìn gun òkè. Fàdá tí wọ́n ní kó sinmi wà láàárín wọn. Lọ́dún 1903, Bíṣọ́ọ̀bù George Smith wá láti Oban, ó sì ya ṣọ́ọ̀ṣì náà sí mímọ́.

Wọ́n fi jẹ́ orúkọ Máíkẹ́lì Mímọ́ Olú-áńgẹ́lì. Kì í ṣe orúkọ tí wọ́n kàn ṣà. Lójú àwọn ará Uist àti Eriskay, Máíkẹ́lì ni olúwa òkun àti ẹṣin, ẹni tó ń gun ẹṣin funfun lórí ìgbì. September 29 ni ọjọ́ rẹ̀. Láyé àtijọ́, lálẹ́ tó ṣáájú, àwọn obìnrin á yan búrẹ́dì ńlá kan tí wọ́n ń pè ní struan, tí wọ́n fi irúfẹ́ ọkà gbogbo tí wọ́n kórè lọ́dún náà ṣe. Lọ́jọ́ àjọ̀dún, gbogbo ìlú á gun ẹṣin lọ sí itẹ́ òkú, wọ́n á yí i ká, lẹ́yìn náà wọ́n á sáré ìje létíkun. Ẹni tí kò bá ní ẹṣin lè mú ti aládùúgbò rẹ̀ láìtọrọ, kó ṣáà ti dá a padà. Àṣà yẹn ti ń lọ sópin nígbà ayé Maighstir Ailein, òun náà sì wà lára àwọn tó kọ ọ́ sílẹ̀ kó má bàa lọ pátápátá.

Kò jẹ adùn ilé tuntun náà pẹ́. October 8, 1905 ló kú, ó ku díẹ̀ kó pé ẹni ọdún 46. Eriskay ni wọ́n sin ín sí.

Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn lónìí, pẹpẹ ni ojú rẹ̀ máa kọ́kọ́ lọ síbẹ̀. Iwájú ọkọ̀ ni wọ́n fi ṣe é, iwájú ọkọ̀ gidi, tó mú ṣóṣóró tó sì fẹ̀ lọ sẹ́yìn, tábìlì ìrúbọ wà lórí rẹ̀. Ọkọ̀ ìgbẹ̀mílà ni tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ ogun Hermes ti Ìlú Ọba, èyí tí bàálù ń balẹ̀ sórí rẹ̀, ló ní in, kí ọkọ̀ ìgbẹ̀mílà náà tó já bọ́ sínú òkun. Ẹni tó bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ń rí imú ọkọ̀ náà tó kọjú sí i bí ìgbà tó ń bọ̀ wá gbé e. Mo ti rí àwòrán pẹpẹ tí wọ́n fi mábù Ítálì ṣe, tí wọ́n fi góòlù yí etí rẹ̀ ká, mi ò tíì rí èyí tó bá àwọn tó ń kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ mu tó báyìí. Ọ̀pọ̀ ìdílé ní Eriskay ni omi ti gba èèyàn lọ́wọ́ wọn.

Aago kan tún wà níbẹ̀ tó ní ìtàn tó le ju ti pẹpẹ lọ. Ara ọkọ̀ ogun Derfflinger ti ilẹ̀ Jámánì ló ti wá. Ní May 31, 1916, nínú ogun ojú omi Jutland, ọkọ̀ yìí àti èkejì rẹ̀ Seydlitz yìnbọn lu Queen Mary ti Ìlú Ọba, ó sì rì pẹ̀lú èèyàn tó lé ní 1,200. Nígbà tí Jámánì túúbá, wọ́n kó Derfflinger àtàwọn yòókù wá sí Scapa Flow ní àríwá Skọ́tíláǹdì, àwọn atukọ̀ rẹ̀ fúnra wọn sì mọ̀ọ́mọ̀ rì wọ́n ní June 21, 1919, kí ọ̀tá má bàa pín wọn. Ogún ọdún lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e sókè láti ìsàlẹ̀ omi, wọ́n sì tú u palẹ̀ lẹ́yìn ogun kejì. Báyìí ni aago rẹ̀ ṣe dé Eriskay. Àwọn ọmọ erékùṣù wọ̀nyí pọ̀ nínú ológun ojú omi Ìlú Ọba nígbà ogun méjèèjì. Ẹ wá ro ó wò: aago ọkọ̀ tó pa ẹgbẹ́ wọn ni wọ́n gbà sílé Ọlọ́run wọn, wọn ò sọ ọ́ di ohun ìwòran ìṣẹ́gun.

Òkun tún gbé nǹkan mìíràn wá, tí kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì, tó sì lókìkí ju ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Ní February 5, 1941, ọkọ̀ akẹ́rù SS Politician tó ń ti Liverpool lọ sí Jàmáíkà àti Amẹ́ríkà ṣìnà, ó sì fi ikùn gún àpáta láàárín Eriskay àti South Uist. Ẹnikẹ́ni ò kú. Inú rẹ̀ ni nǹkan bíi ìgò wísíkì 264,000 wà, lásìkò tí ogun ti mú kí wísíkì wọ́n bí ojú.  Àwọn ará erékùṣù fi ọkọ̀ kékeré kó o lóru, wọ́n rì í mọ́lẹ̀ nínú irà, wọ́n tọ́jú rẹ̀ sínú ihò àpáta. Àwọn aṣọ́bodè dé, wọ́n mú àwọn kan lọ sẹ́wọ̀n ní Inverness. Lójú àwọn ará erékùṣù, ohun tí òkun bá gbé sílẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó wà létí òkun.

Òǹkọ̀wé Compton Mackenzie, tó ti wọ ìjọ Àgùdà láti ọdún 1914, tó sì kọ́lé sí Barra, sọ ọ́ di ìwé Whisky Galore lọ́dún 1947. Nínú ìwé rẹ̀, erékùṣù méjì ló wà, ọ̀kan ti Àgùdà, ọ̀kan ti àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì, yẹ̀yẹ́ tó wà láàárín wọn sì jẹ́ ìdajì adùn ìtàn náà. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di fíìmù lọ́dún 1949, wọ́n pa ti Àgùdà rẹ́, gbogbo erékùṣù sì di àwọn tí kì í fọwọ́ kan nǹkan lọ́jọ́ Sunday. Láti ìgbà náà, ẹgbàágbèje èèyàn ló ti wo ìtàn Eriskay nínú fíìmù láìmọ̀ pé ọmọ ìjọ Àgùdà ni àwọn ará ibẹ̀. Ó dùn mí díẹ̀, fíìmù náà sì pa mí lẹ́rìn-ín, méjèèjì.

Ìgbé ayé ìjọ níbẹ̀ kì í ṣe ti Sunday nìkan. Tí ẹnì kan bá kú ní àwọn erékùṣù wọ̀nyí, ilé rẹ̀ ni òkú ń sùn sí, àwọn aládùúgbò á sì máa wá ka róósárì lálaalẹ́ títí di ọjọ́ ìsìnkú, tíì àti búrẹ́dì á máa lọ yíká. Èjìká ni wọ́n fi ń gbé pósí, àwọn ọkùnrin á tò ní ìlà méjì, àwọn tó wà níwájú á bọ́ sí ẹ̀yìn lẹ́yìn ìṣísẹ̀ díẹ̀, kó lè kan gbogbo wọn. Láti ìgbà tí ìpàdé Vatican ti àwọn ọdún 1960 ti gbà kí wọ́n ṣe Mísà ní èdè ìbílẹ̀, Gaelic tí àwọn arúgbó ń lò sídìí iná gun orí pẹpẹ.

Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin ibẹ̀ náà yẹ ní wíwò. Súwẹ́tà apẹja ni, aláwọ̀ búlúù tó ṣókùnkùn, wọ́n ń hun ún yípo láìní ojú rírán lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lára àyà rẹ̀ ni iṣẹ́ ọnà wà: ìdákọ̀ró, ìgbì omi, ìràwọ̀ òkun, pátákò ẹṣin. Ìyá ló ń hun ún fún ọmọ, ìyàwó ló ń hun ún fún ọkọ. Nígbà tó yá, wọ́n dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ láti máa tà á. Ṣé ẹ rántí àkísà lára ìka? Ọwọ́ kan náà ni.

Lọ́dún 2001 ni wọ́n fi òkúta kún omi, tí wọ́n la títì já South Uist, mọ́tò sì ń lọ sí Eriskay báyìí láìwọ ọkọ̀ ojú omi. Àwọn ọ̀dọ́ ṣì ń lọ sí Glasgow, wọ́n sì ń padà wálé fún ìgbéyàwó àti ìsìnkú. Wọ́n ní pápá bọ́ọ̀lù kan tí igun rẹ̀ kò dọ́gba, tí àgùntàn ń jẹko lórí rẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. FIFA alára ti kà á mọ́ àwọn pápá tó ṣàrà ọ̀tọ̀ jù lágbàáyé.

Ti ẹṣin ni mo fẹ́ fi kún un. Eriskay ní irú ẹṣin tirẹ̀, kúkúrú, onírun ṣíṣù tí òjò kì í wọ̀, òun ló ń ru apẹ̀rẹ̀ ewéko òkun àti ẹrẹ̀ dúdú wálé. Bí mọ́tò ti ń dé ni wọ́n ń tán lọ, títí ó fi ku nǹkan bí 20 péré ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Àwọn tó dìde láti gbà wọ́n là ò pọ̀: dókítà kan, oníṣègùn ẹran kan, àgbẹ̀ kan, àti fàdá. Lára àwọn ẹṣin tó kù, akọ kan ṣoṣo ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò lábùlà, Eric lorúkọ rẹ̀, iṣẹ́ ńlá sì wà lọ́rùn Eric. Ó ṣe é. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ni wọ́n báyìí, wọ́n ti wà káàkiri ilẹ̀ Ìlú Ọba, àwọn tó sì ṣì wà ní Eriskay máa ń rìn gbéregbère lórí òkè, wọ́n á dúró sáàárín títì, awakọ̀ á sì dúró dè wọ́n.